Iná Ibùdó Wúrà

Àárọ̀ ọjọ́ tí Àdúràolúwa máa lọ ṣe ìdánwò JAMB ní Àkúrẹ́, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà nígbà tí Wúrà já wọlé. Kò tilẹ̀ kí mi.

"Màmá, wọ́n ti fa iná tán o."

Mo ní, "Ta ló fa kí ni?"

"Iná inú bátìrì. Gbogbo wáyà ìta yìí ló fà á mọ́jú. Bọ́ọ̀sì ò kún dé ìdajì."

Àmín tí mo fẹ́ ṣe kú sí mi lẹ́nu. Ìdajì kò lè gbé wa dé Àkúrẹ́. Wúrà ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi títí ó fi yé mi: kí bọ́ọ̀sì yẹn tó lè kúrò ní Oǹdó kó dé Àkúrẹ́, iná inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún bí omi tó dé ọrùn ìkòkò, nítorí òkè Òwènà.

Ọmọ ọmọ mi ni àwọn méjèèjì. Wúrà, àkọ́bí mi ọkùnrin ló bí i. Yunifásítì Àkúrẹ́ ló ti kọ́ nípa iná. Nígbà tó parí, kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wáṣẹ́ lọ sí Èkó. Ilé tí ọkọ mi ti ń ra kòkó nígbà ayé rẹ̀, ní Yábà ní Oǹdó níbí, ló ní kí n yọ̀ǹda fún òun. Ó kan àwọn páànù dúdú tí ń gba oòrùn mọ́ orí òrùlé. Ó to bátìrì tó ga bí àpótí aṣọ ìyàwó sínú yàrá tí a máa ń di kòkó sí. Orí sìmẹ́ǹtì iwájú ilé, níbi tí a ti ń sá kòkó, ló wá ri àwọn òpó mọ́, tí kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà tí kì í mu bẹntiróòlù ti ń wá gba iná sára. Lẹ́yìn èyí ni bọ́ọ̀sì dé, òun náà kì í mu bẹntiróòlù. Dúrótoyè ló ń wà á.

Àdúràolúwa ní tirẹ̀, ọmọbìnrin mi tó ti dolóògbé ló fi í sílẹ̀ fún mi. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyí nídìí ìdánwò yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, máàkì rẹ̀ kò tó. Lẹ́ẹ̀kejì, ibà ló dá a dùbúlẹ̀. Olúgbénga, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé bí ti ọdún yìí bá tún yẹ̀, kó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ọ̀rọ̀ yunifásítì tán nìyẹn. Iṣẹ́ aránṣọ kì í ṣe iṣẹ́ burúkú. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí, bó bá mú abẹ́rẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń gún. Nọ́ọ̀sì ló ń wù ú láti kékeré, adìyẹ mi tó bá ṣèṣe, òun ló ń di ẹsẹ̀ fún un.

Àkúrẹ́ ni wọ́n pín in sí, ó bọ́ sí àwọn tó máa ṣe é lọ́sàn-án. Ọ̀wọ́n bẹntiróòlù sì wà nílùú. Àwọn ilé epo ti géètì wọn pa, àwọn awakọ̀ ń sùn sórí ìlà, gàréèjì dá páropáro. Bọ́ọ̀sì Wúrà nìkan ló kù. Àwọn ọmọ àdúgbò tó ń lọ fún ìdánwò kan náà ti gbàyè nínú rẹ̀, ó ku ká gbéra.

Báwo wá ni iná ṣe tán? Wọ́n fọn ọ́n tán ni.

Láti ìgbà tí tiransifọ́mà àdúgbò wa ti bú gbàmù, iná NEPA ti di ìtàn fún wa. Ẹni tó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ Wúrà, fóònù lásán ló mú lọ́wọ́. Ta ni yóò lé e? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ (uná là ń pe iná níbẹ̀), kì í ṣe gbogbo ilé ló ní ìṣáná. Bí ààrò wa bá kú, ìyá mi á na àpáàdì sí mi, á ní kí n sáré lọ fọnná nílé kejì. Kò sí ẹni tí í fi iná duni. Ẹni tí ẹ jọ ń jà pàápàá, bó bá gbé àpáàdì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ, wàá bù fún un, wàá kàn gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Kí la fẹ́ dù ú sí? Iná kì í dín. Mú ògúnná kan, mú méjì, ààrò ọlọ́ààrò ń jó bó ṣe ń jó.

Bí gbogbo àdúgbò ṣe rò ó nìyẹn. Iná kọ́ ni wọ́n ń pe ti ibùdó Wúrà náà? Lẹ́yìn oní-fóònù, gẹrungẹrun fa wáyà. Bàbá Adépọ̀jù, alága àdúgbò wa, fa tirẹ̀ nítorí fáànù. Níkẹyìn, Agnes tó ń ta ẹja tútù lódìkejì títì fa wáyà tó ki bí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, ó fi í mọ́ fíríìsà méjì. Wúrà ráhùn títí.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ti bátìrì yìí ń dín o. Kì í ṣe ti ààrò."

Wọ́n fi rẹ́rìn-ín ni. "Wúrà ahun! Ìwé ló kà tó fi ń ka ògúnná!"

Bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀ nìyẹn. Bí oòrùn bá ràn dáadáa, bátìrì ń kájú gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò yìí ni òjò kò jẹ́ kí oòrùn yọjú.

Wúrà bọ́ sí ojúde, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, gbogbo ẹni tó ní wáyà níbí, ẹ bá mi yọ ọ́. Ìdánwò Àdúrà ni. Títí ọ̀sán péré."

Gẹrungẹrun yọ tirẹ̀, ó fi ẹni tó ń gẹrun fún sílẹ̀ ní ìdajì orí. Bàbá Adépọ̀jù yọjú pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ ẹ̀ jẹ́ kí n sinmi. Ooru ń mú mi."

"Bàbá, òjò ló ń rọ̀ yìí. Ooru wo?"

"Ooru ara mi ni. O fẹ́ bá mi dù ú?"

Ó ń kùn, ṣùgbọ́n ó yọ ọ́. Ó wá ku Agnes.

Agnes jáde, ó ti wé gèlè mọ́dìí. Nígbà tí obìnrin Oǹdó bá wé gèlè mọ́dìí láàárọ̀ kùtù, kì í ṣe ijó ló fẹ́ jó.

"Wúrà, ṣé èmi náà wà nínú àwọn tí ò ń bá wí?"

"Àǹtí Agnes, ẹ má bínú. Fíríìsà yín gan-an ló ń fa jù."

"Àná ni mo kó ẹja wọlé. Bí mo bá yọ wáyà yìí, kó tó dalẹ́ gbogbo ẹ̀ ti rà. Ṣé wàá bá mi jẹ ẹ́?"

"Ẹ jẹ́ kí Àdúrà lọ ṣe ìdánwò yìí, ẹ jọ̀ọ́. Mo máa dá a padà fún yín."

"Dá kí ni padà? A kì í gba iná lọ́wọ́ ẹni tó ti fọn ọ́n." Ó yíjú sí mi. "Màmá, ẹ kúkú dàgbà. Ṣé wọ́n ń ṣe é ní Àkúrẹ́ tiyín? Torí ní Oǹdó níbí, ẹni tó bá gba iná lọ́wọ́ obìnrin, ó ní kí ààrò rẹ̀ kú ni."

Òótọ́ ló sọ. Ní Àkúrẹ́ náà, wọn kì í ṣe é. Èpè tí a kò fi ẹnu gé ni.

Wúrà ní, "Àǹtí, kì í ṣe iná ààrò!"

"Kí ló ń jẹ́ nígbà náà? Pè é lórúkọ kí n gbọ́."

Wúrà la ẹnu. Gbogbo ìwé tó kà, kò rí orúkọ mìíràn pè é. Iná ni.

Àdúràolúwa dúró lẹ́bàá òpó, ó di ìwé ìdánwò rẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù, ó gbá a mọ́ àyà. Ó ń jẹ èékánná. Wúrà wò ó, ó wo ojú ọ̀run tó ṣú. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó rìn lọ síbi tí wáyà Agnes wà, ó sì fà á yọ.

Lódìkejì títì, fíríìsà hó "hùùù", ó dákẹ́.

"Wúrà!" Agnes ké. "Ìwọ gba iná lọ́wọ́ mi? Lójú mi kòrókòró?"

Kò bú u jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ó sọdá títì, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú táyà bọ́ọ̀sì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ẹni tó bá fẹ́ lọ Àkúrẹ́, kó gba orí mi kọjá."

Dúrótoyè súnmọ́ ọn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Àǹtí Agnes, ẹ dìde, ilẹ̀ ń tutù."

"Jẹ́ kó tutù! Ẹja mi ò ní tutù mọ́, ìdí mi ni kó tutù dípò ẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Agnes kò rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì ń gba iná sára, oòrùn yọ díẹ̀, ó wọ̀, ó tún yọ. Wúrà ń wọlé, ó ń jáde, ó ń wo bátìrì bí ẹni ń wo ọmọ tára rẹ̀ ń gbóná. Àwọn ọmọ ìdánwò yòókù dé pẹ̀lú àwọn ìyá wọn. Wọ́n bẹ Agnes. Bàbá Adépọ̀jù fi ipò alága bẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́ ló ń le sí i. Lábẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ń wò ó.

Wúrà jáde. "Ó ti tó. Bí a bá lọ nísinsìnyí, a lè bá wọn. Bí a bá tún dúró, wọ́n á ti géètì."

Dúrótoyè jókòó sídìí ọkọ̀. Agnes kò mira.

Mo lọ bá a. Orúnkún mi kì í gbà mí láyè mọ́, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ ti táyà, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Màmá, ẹ má jókòó síbí. Ẹ fẹ́ kí wọ́n ní mo fìyà jẹ àgbàlagbà."

"Mi ò wá bẹ̀ ọ́. Wọ́n ṣẹ̀ ọ́. Bí wọ́n bá gba iná lọ́wọ́ èmi náà, mi ò ní dìde."

Ó wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú.

Mo ní, "Iná wà ní Àkúrẹ́. Ìbídùnní, ọmọ àbúrò mi, yàrá òtútù ló ní níbẹ̀, ẹran àti ẹja ló ń kó sí i. Kó ẹja rẹ sínú bọ́ọ̀sì yìí, kí ìwọ náà wọlé. Kó tó rà, a ti débẹ̀."

Wúrà gbọ́, ó fò sókè. "Màmá! Ẹrù yẹn ti wúwo jù! Mo ti ṣírò èèyàn inú ọkọ̀ mọ́ iná tó wà níbẹ̀. Ẹja ò sí nínú ẹ̀. Bí a bá kú sọ́nà ńkọ́?"

"Bí kò bá dìde ńkọ́?"

Agnes ló fèsì. Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ wá bá òun gbé páálí.

Bí a ṣe jáde ní Oǹdó nìyẹn, àwọn ọmọ ìdánwò, èmi, Wúrà, Agnes, àti títọ́ọ̀sì pẹ̀lú pánlá tó kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dé àjà. Bọ́ọ̀sì yẹn kì í pariwo bíi ti bẹntiróòlù, nítorí náà a ń gbọ́ bí omi ẹja ṣe ń kán tó, tó, tó sórí bàtà àwọn ọmọ.

Ọmọkùnrin kan fi náílọ́ọ̀nù bo imú. "Bí mo bá gbé òórùn yìí wọ inú gbọ̀ngàn, wọ́n á lé mi."

Agnes ní, "Pánlá kì í rùn tó ẹni tó fìdí rẹmi. Jókòó jẹ́ẹ́."

Iwájú ni Wúrà jókòó sí, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí àwọn ìlà kéékèèké tó ń tàn níwájú awakọ̀. Ìlà yẹn ni iná tó kù. Bí ọ̀kan bá kú, èjìká Wúrà á sọ̀. Dúrótoyè ń wa ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ọ̀kadà ń yà wá sílẹ̀. Àdúràolúwa ń ka nǹkan sábẹ́ èémí, orí rẹ̀ wà nílẹ̀.

Nígbà tí a fi máa dé ìsàlẹ̀ òkè Òwènà, àwọn ìlà tó kù ti ń ṣẹ́jú.

"Dúró," Wúrà wí. "Gbogbo ẹni tó lè rìn, ẹ bọ́ọ́lẹ̀. Ẹ gun òkè yìí lẹ́sẹ̀. Ẹ sáré."

Wọ́n tú jáde. Agnes náà bọ́ọ́lẹ̀, ó ń bú gbogbo ẹni tó dá mọ́tò sílẹ̀ láyé. Èmi, Dúrótoyè àti ẹja la kù nínú ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì ń fà díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọ̀n bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn, mo sì ń sọ ọ́ sínú pé Olúwa, má jẹ́ kó jẹ́ èmi ni ẹrù tó máa pa á.

A dé orí òkè. Ìlà kan ló kù, ó sì ti pọ́n bí ata.

Àwọn ọmọ ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni mo rí Àdúràolúwa. Ó ru páálí títọ́ọ̀sì kan lórí. Ìsàlẹ̀ òkè ló ti fà á yọ lẹ́yìn ọkọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Omi ẹja ti ṣàn láti orí rẹ̀ dé ọrùn, ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìwé ìdánwò rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ó fi eyín di náílọ́ọ̀nù náà mú.

Agnes dúró lójú kan.

"Ta ló ní kó o gbé e?"

Ọmọ náà yọ náílọ́ọ̀nù lẹ́nu. "Kò sí, mà."

"O fẹ́ lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú omi ẹja lára?"

"Bí mo bá ṣáà ti débẹ̀, mà."

Wúrà ti ń ṣírò lórí ìka. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Àkúrẹ́ ṣì jìnnà. Bí ẹrù ẹ̀yìn yìí ò bá sí, a lè dé. Bó bá wà, mi ò mọ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín."

Kò sí ẹni tó wo Agnes. Gbogbo wa ń wo títì. Mo di ilẹ̀kùn mú, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bọ́ọ́lẹ̀, pé èmi náà wúwo ju páálí kan lọ.

"Ẹ jókòó, Màmá," Agnes ní. Ó gba páálí orí Àdúrà, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Ó tú gèlè ìdí rẹ̀, ó fi ń nu ọrùn ọmọ náà, ó ń nù ún tagbáratagbára bí ẹni ń fọ ìkòkò. "Ẹ sọ ẹja mi kalẹ̀. Gbogbo ẹ̀. Dúrótoyè, kí lò ń wò? Àwọn ará Òwènà náà ń jẹ ẹja."

"Àǹtí Agnes," Wúrà bẹ̀rẹ̀.

"Má pè mí! Ìwọ gba iná lọ́wọ́ mi, n ò gbàgbé. Nítorí tìẹ kọ́ ni mo ṣe ń ṣe é. Ẹ máa lọ!"

A fi í sílẹ̀ láàárín páálí ẹja létí títì. Kí a tó yí kọ́nà, ó ti ń ké sí àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun.

Láti ibẹ̀ dé Àkúrẹ́, ìlà pupa yẹn ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn. Nígbà tí a wọ ìlú, gbogbo ibi tí mo mọ̀ láti kékeré ń kọjá lójú mi, n kò rí ọ̀kankan. A yà sí títì ilé ìwé tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà. Mo rí géètì. Mo rí ọkùnrin tó ń tì í. Bọ́ọ̀sì sì kú sójú títì, kò tilẹ̀ sọ pé ó dàbọ̀.

"Ẹ sáré!" Wúrà ké.

Wọ́n sáré. Àdúràolúwa ló kẹ́yìn, bàtà rẹ̀ ń yọ̀ nítorí omi. Àwọn yòókù ti wọlé. Ọkùnrin géètì náà ti tì í kù díẹ̀, ó na ọwọ́ dí àlàfo tó kù. Mo bọ́ọ́lẹ̀, mo di ara bọ́ọ̀sì mú. Mo ń gbọ́ wọn.

"Ó ti parí. O ti pẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Oǹdó ni mo ti wá."

Ọkùnrin náà fẹ́ tún sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá imú. "Kí ló ń rùn báyìí?"

"Títọ́ọ̀sì ni, sà."

"Títọ́ọ̀sì ta ni?" Ó fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu géètì, ẹ̀rín sì ti mú un. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ yẹn ni Àdúràolúwa gbà wọlé. Ọkùnrin náà wẹ̀yìn wò ó, ó mi orí, ó ti géètì. Ọmọ ti wà nínú.

Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀. Wúrà gbé orí lé dáṣíbọ́ọ̀dù, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹkún ni àbí ẹ̀rín, n kò bi í.

Fóònù mi dún. Agnes ni.

"Màmá, inú mi ṣì ń ru o. Ẹ sọ fún Wúrà."

"Mo ti gbọ́."

"Ọmọ yẹn ńkọ́? Ó wọlé?"

"Ó wọlé, Agnes. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n ti géètì mọ́ ọn."

Mo gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń nájà. Lẹ́yìn náà ó pariwo, kì í ṣe sí mi: "Oníbàárà mi, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́! Ẹja ni, kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́!" Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Wúrà gbé orí sókè. "Kí ló wí?"

"Ó ní òun ṣì ń bínú."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni," Wúrà wí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó bọ́ọ́lẹ̀. Òun àti Dúrótoyè wá kọ́wọ́ ti bọ́ọ̀sì wa lẹ́yìn, wọ́n ń tì í kúrò lójú títì, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn sì ń fun fèrè mọ́ wọn.